Ta Ló Ni Ìwé Inú Ẹ̀rọ Ìkàwé? Àgbéyẹ̀wò Read Write Own ti Chris Dixon

Nínú gbogbo ìwé tí mo ti kà lórí tókìn kírípítò, Read Write Own ti Chris Dixon, tí Random House gbé jáde ní January 2024, ló gbé àwíjàre tókìn kalẹ̀ dáadáa jù. Kò pariwo, kò sì ṣèlérí ọrọ̀ òjijì fún ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń sọ ni pé bí àwọn tó ń lo nǹkan bá ní ìpín nínú rẹ̀, wọn yóò dúró tì í, wọn yóò máa tún un ṣe, wọn yóò sì máa pe ẹlòmíràn wá. Ìwọ̀n kan ṣoṣo ni mo gbé ọ̀rọ̀ yìí lé: àwa tí à ń kàwé lórí bébà ẹlẹ́rọ, ìyẹn Kindle, Kobo, reMarkable àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ìwà tí Dixon ń bá àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá wí ti ń dun òǹkàwé jù. Ibẹ̀ náà, lójú tèmi, ni oògùn tó pò kò ti ran àìsàn náà. Houston tí mo ń gbé sì ní ẹ̀rí tirẹ̀ láti mú wá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Dixon àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá SiteAdvisor sílẹ̀, McAfee rà á ní 2006. Wọ́n dá Hunch sílẹ̀, eBay rà á ní 2011. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọ ilé-iṣẹ́ ìdókòwò Andreessen Horowitz, tó sì ń darí ẹ̀ka kírípítò wọn, ẹ̀ka tó kó bílíọ̀nù 4.5 dọ́là jọ fún ìdókòwò ní 2022 nìkan. Owó rẹ̀ wà nínú ọjà tó ń yìn. Kò fi èyí pamọ́, ìyẹn nìkan kò sì tó láti sọ ìwé rẹ̀ di irọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ojú wa là sílẹ̀ bí a bá dé ibi tó ti yára kọjá.

Ìtàn tó fi bẹ̀rẹ̀ dùn ún kà. Ó pín ọjọ́ ayé íntánẹ́ẹ̀tì sí mẹ́ta. Láti nǹkan bí 1990 dé 2005, ẹnikẹ́ni lè kà. Láti 2006 dé 2020, ẹnikẹ́ni lè kọ, àmọ́ ilé-iṣẹ́ díẹ̀ ló ni ojú ibi tí a ń kọ ọ́ sí. Ìgbà kẹta, tó ní tókìn ló mú un dé, ni ìgbà tí àwọn tó ń kà tó sì ń kọ yóò jọ ni ibẹ̀. Ó ṣàlàyé bí ilé-iṣẹ́ ṣe máa ń la ọwọ́ nígbà tó bá ṣì ń wá oníbàárà, tí yóò sì pa ọwọ́ dé nígbà tí wọn kò bá rí ọ̀nà jáde mọ́. Orí tó kọ lórí iye tí àwọn ilé-iṣẹ́ wọ̀nyí ń yọ nínú owó tó bá gba ọ̀dọ̀ wọn kọjá ló dára jù nínú ìwé náà. Gẹ́gẹ́ bí oníbodè ayé àtijọ́ tó jókòó sí ẹnu odi ìlú ni Apple ṣe rí: ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń bù lórí ọ̀pọ̀ ohun tí a bá rà nínú áàpù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń lo Kindle lórí iPhone kò fi rí bọ́tìnnì ìràwé tẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí di May 2025 tí ìdájọ́ ilé-ẹjọ́ nínú ẹjọ́ tí ilé-iṣẹ́ géèmù Epic pe Apple ṣí ọ̀nà sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Dixon mọ irú ìrora yìí, ó sì kọ ọ́ bí ẹni tó ti gbé inú rẹ̀.

Bébà ẹlẹ́rọ fúnra rẹ̀ jẹ́ ohun tí mo fẹ́ràn gidigidi. Ọ̀dọ̀ Joseph Jacobson àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní MIT ni E Ink ti jáde ní 1997. Àwọn hóró tín-tìn-tín ló wà lójú ẹ̀rọ náà. Ẹ̀rún funfun àti ẹ̀rún dúdú wà nínú hóró kọ̀ọ̀kan, iná díẹ̀ ni yóò sì pe èyí tó yẹ wá sókè. Bí ọ̀rọ̀ bá ti jáde tán, kò nílò iná mọ́ láti dúró síbẹ̀, ìmọ́lẹ̀ tó bá wà nílé ni a ó fi kà á bí a ṣe ń ka ìwé. Nígbà tí ìjì Beryl jà ní Houston ní July 2024, tí iná lọ lọ́dọ̀ oníbàárà ilé-iṣẹ́ iná CenterPoint tó lé ní mílíọ̀nù méjì, ẹni tó ní ẹ̀rọ tó lè lo ọ̀sẹ̀ kan láìgba iná ló mọ iyì rẹ̀. Tẹlifíṣàn dákẹ́, fóònù kú, ìwé kò kú.

Ìyẹn ni ti ẹ̀rọ. Ti ìwé inú rẹ̀ yàtọ̀. Ní July 2009, Amazon pa 1984 àti Animal Farm ti George Orwell rẹ́ nínú Kindle àwọn tó ti sanwó fún wọn, nítorí pé ẹni tó gbé ẹ̀dà náà wá sọ́jà kò ní ẹ̀tọ́ láti tà á. Wọ́n dá owó padà, wọ́n sì tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n gbogbo ayé ti rí i pé ọwọ́ ẹni tó tàwé kò tíì kúrò lára ìwé náà. Ní 2019, Microsoft ti ilé ìtàwé orí íntánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ pa. Owó padà sọ́wọ́ àwọn oníbàárà, gbogbo ìwé tí wọ́n rà sì di àwátì. Ní February 2025, Amazon yọ ọ̀nà tí à ń gbà kó ìwé tí a ti rà sórí kọ̀ǹpútà kí a tó fi wáyà gbé e sínú Kindle. Lábẹ́ òfin Amẹ́ríkà, ẹni tó ra ìwé bébà lè tà á, ó lè yá ọ̀rẹ́, ó lè fi sílẹ̀ fún ọmọ. Àpótí ìwé Fágúnwà tí bàbá fi sílẹ̀ ṣeé pín láàárín àwọn ọmọ lẹ́yìn ìsìnkú. Ìwé inú Kindle kò ṣeé pín bẹ́ẹ̀, nítorí pé àṣẹ àtilò ni bàbá rà, àṣẹ náà sì bá a lọ.

Nítorí náà, nígbà tí Dixon bá bèèrè ẹni tó ni ohun tí a sanwó fún lórí íntánẹ́ẹ̀tì, mo wà lẹ́yìn rẹ̀ gbágbágbá. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé kí àkọsílẹ̀ ohun ìní wà lórí blockchain, ìyẹn ìwé ìṣirò tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà jọ ń tọ́jú tí ẹnì kan ṣoṣo kò lè dá yí padà, kí tókìn sì jẹ́ ẹ̀rí ohun ìní náà lọ́wọ́ oníǹkan. Àwọn kan ti gbìyànjú rẹ̀ lórí ìwé. Book.io bẹ̀rẹ̀ sí í ta ìwé gẹ́gẹ́ bí NFT, ìyẹn tókìn tí ọ̀kọ̀ọ̀kan dá yàtọ̀, lórí blockchain Cardano ní 2022, kí ẹni tó bá kà á tán lè tún un tà, kí òǹkọ̀wé sì rí nǹkan gbà nínú àtúntà náà. Èrò rere ni, èrò tí ilé ìtàwé ẹlẹ́rọ tó lókìkí kankan kò fara mọ́ rí.

Àmọ́ àkọsílẹ̀ ohun ìní yàtọ̀ sí ohun ìní. Ìwé náà wà ní títì, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà nínú áàpù ẹni tó tà á, Kindle kò sì lè ṣí i. Bí ilé-iṣẹ́ tó ni áàpù bá kógbá sílé, tókìn náà yóò ṣì wà lórí blockchain, yóò máa jẹ́rìí pé mo ra ìwé kan tí n kò lè kà mọ́. Ohun tó ń dè wá lórí bébà ẹlẹ́rọ ni títì tí wọ́n ti fáìlì àti ẹ̀rọ pa, èyí kò sì sí lára ohun tí tókìn lè ṣí. Dixon kọ ọ̀rọ̀ púpọ̀ nípa ẹ̀tọ́ láti jáde kúrò nínú nẹ́tíwọ̀kì tó ń rẹ́ni jẹ. Kò kọ tó nípa ẹ̀rọ tó wà lọ́wọ́ wa, tó jẹ́ pé ẹni tó ṣe é ló ń pinnu ohun tó lè kà. Ẹ̀dà ẹlẹ́rọ ìwé tirẹ̀ náà wà lórí Kindle, lábẹ́ àṣẹ àtilò kan náà tí ìwé yòókù wà.

Ọkàn ìwé náà ni àbá pé kí a fi tókìn kó ènìyàn jọ. Ìṣòro tó fẹ́ yanjú kì í ṣe àròsọ: nẹ́tíwọ̀kì tí kò tíì lérò nínú kò wúlò fún ẹni tó máa kọ́kọ́ wọlé. Ó ní kí a fi tókìn sanwó fún àwọn tó tètè dé títí ìwúlò gan-an yóò fi dàgbà. Helium wà lára àpẹẹrẹ rẹ̀, ó sì bá ọ̀rọ̀ wa mu gan-an, nítorí pé àwùjọ tó yí ẹ̀rọ kan ká ni. Ènìyàn á ra ẹ̀rọ kékeré, á gbé e sójú fèrèsé, ẹ̀rọ á máa pín íntánẹ́ẹ̀tì aláìníwáyà fún ohun èlò tó bá wà nítòsí, oníẹ̀rọ á sì máa gba tókìn. Láàárín 2019 sí 2022, ẹ̀rọ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ pé mílíọ̀nù kan kárí ayé. Iye yìí wú ni lórí. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn ènìyàn ṣírò iye tí oníbàárà gan-an ń san láti lo nẹ́tíwọ̀kì náà ní àárín 2022, ẹgbẹ̀rún dọ́là díẹ̀ péré ni lóṣù. Tókìn ti kó àwọn tó ń ta íntánẹ́ẹ̀tì jọ rẹpẹtẹ, kò tíì rí àwọn tó fẹ́ rà á. Òtítọ́ ni pé Helium ti yà sí iṣẹ́ fóònù alágbèéká láti ìgbà náà, ìtàn rẹ̀ kò sì tíì parí. Síbẹ̀, àlàfo tó wà láàárín kí ènìyàn ní ẹ̀rọ àti kí ẹ̀rọ wúlò ló yẹ kí Dixon dúró lé lórí, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá wéré.

Ẹ gbé e wá sórí ìwé kíkà. Ká ní ẹnì kan dá tókìn sílẹ̀ fún àwọn tó ń kàwé lórí irú ẹ̀rọ kan. Kí ni yóò kà kó tó sanwó? Ojú ìwé tí a ṣí ni. A ti mọ ibi tí ìyẹn ń já sí. Láti July 2015 ni Amazon ti ń san owó fún òǹkọ̀wé inú Kindle Unlimited gẹ́gẹ́ bí iye ojú ìwé tí àwọn ènìyàn kà. Kò pẹ́ tí àwọn oníjìbìtì fi kó ọ̀rọ̀ játijàti kún inú ìwé, tí wọ́n sì fi ìlujá sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ tó ń gbé òǹkàwé fò dé ìparí, kí ẹ̀rọ lè rò pé ó ti ka gbogbo rẹ̀. Lọ́dọ̀ àwọn tó ń kọ̀wé nìkan ni èyí ti ṣẹlẹ̀ o. Bí a bá wá ń sanwó fún ẹni tó ń kà, a ó kọ́kọ́ máa ṣọ́ ọ bó ṣe ń kà, bẹ́ẹ̀ ni ìdákẹ́jẹ́ẹ́ wà lára ohun tó mú ọ̀pọ̀ wa ra bébà ẹlẹ́rọ dípò ká máa kàwé lórí fóònù.

Ibi tí n kò ti lè bá Dixon lọ rárá ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ pé ìpín tó ṣeé tà ló ń so ènìyàn pọ̀. Ẹni tó ń gbé Houston ti rí òdìkejì rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Enron ní ìlú yìí gba àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ níyànjú láti ní ìpín nínú ilé-iṣẹ́ wọn, wọ́n sì ní in: èyí tó ju ìdajì lọ nínú owó ìfẹ̀yìntì tí wọ́n ń tọ́jú níbẹ̀ ló jẹ́ ìpín Enron. Ní August 2000, ìpín kan tó nǹkan bí 90 dọ́là. Ní December 2001 tí ilé-iṣẹ́ náà gba ilé-ẹjọ́ lọ pé òun ti wọko gbèsè, kò tó dọ́là kan. Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kò ṣàì fẹ́ràn iṣẹ́ wọn, wọn kò sì ṣàì ní ìpín. Ohun tí wọn kò ní ni agbára láti rí inú ìwé ìṣirò, àti láti sọ pé ó tó. Dixon yóò dáhùn pé blockchain gba kí gbogbo ènìyàn rí ìwé ìṣirò, ìdáhùn náà sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ṣùgbọ́n rírí kò sọ ẹni tó ní tókìn mẹ́wàá di ẹgbẹ́ ẹni tó ní mílíọ̀nù kan nígbà tí wọ́n bá ń dìbò, níwọ̀n bí iye tókìn bá jẹ́ iye ìbò. Ní October 2021, àpò owó ìfẹ̀yìntì àwọn panápaná Houston fi mílíọ̀nù 25 dọ́là ra Bitcoin àti Ether. Ìdókòwò ni, wọ́n sì pè é bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tó retí kí panápaná kan tìtorí rẹ̀ di ará àwùjọ kankan.

Ẹ wá wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Rice, nínú ìlú yìí kan náà. Ní 1999, Richard Baraniuk, olùkọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ, dá Connexions sílẹ̀ kí àwọn olùkọ́ lè kọ ẹ̀kọ́ ní wẹ́wẹ́, kí ẹlòmíràn gbà á, tún un ṣe, kó sì tún un pín. Láti inú rẹ̀ ni OpenStax ti jáde ní 2012, pẹ̀lú ìwé físíìsì àti ìwé ìmọ̀ àwùjọ tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà lọ́fẹ̀ẹ́. Ìwé náà kò ní títì. Òfin àṣẹ ìpín rẹ̀ fàyè gba olùkọ́ láti yí orí kan padà kó lè bá kíláàsì rẹ̀ mu. Àwọn ọmọ wa tó ń lọ sí Houston Community College, tí ìwé kan ì bá gba ọgọ́rùn-ún dọ́là àti jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́wọ́ wọn, lè kà á lórí ẹ̀rọ èyíkéyìí tó bá wà lọ́wọ́. Àwùjọ ńlá ni èyí, Connexions tó bí i sì ti wà kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Bitcoin.

Calibre náà ńkọ́? Ní 2006, Sony gbé ẹ̀rọ ìkàwé PRS-500 jáde, kò sì bá Linux ṣiṣẹ́. Kovid Goyal, tó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, kọ ètò kọ̀ǹpútà kékeré kan láti fi bá ẹ̀rọ tirẹ̀ sọ̀rọ̀. Àwọn mìíràn tí ìṣòro kan náà ń dà láàmú dara pọ̀ mọ́ ọn, ètò náà sì di Calibre. Lónìí, ẹni tó bá ní ẹ̀rọ ìkàwé, ìbáà jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ wo, ó ṣòro kó máà bá Calibre pàdé. Bí mo bá ní kí n fi ìka tọ́ka sí àwùjọ tó yí bébà ẹlẹ́rọ ká, òun ni n ó tọ́ka sí. Kò sí tókìn níbẹ̀. Ohun tó kó wọn jọ ni iṣẹ́ kan tó yẹ ní ṣíṣe, àti pé ẹni tó bá ṣe é lónìí yóò rí i lò lọ́la.

Ọ̀rọ̀ Dixon kì í ṣe òfìfo níbí yìí o, kí n má sì ṣe bí ẹni pé n kò rí i. Ó bèèrè ẹni tí yóò máa sanwó fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ó sì tọ̀nà láti bèèrè. OpenStax rí owó gbà lọ́wọ́ àwọn àjọ olówó bíi Hewlett àti Gates. Bí ọkàn wọn bá yí padà, kí ló kù? Ọ̀rẹ́ àwọn àjọ olówó kọ́ ni gbogbo ènìyàn. Ohun tó fi RSS ṣe àpẹẹrẹ rẹ̀, pé ètò tó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé kú lọ́wọ́ Twitter àti Facebook nítorí pé kò lówó lẹ́yìn, wà lára ohun tó lágbára jù nínú ìwé náà. Mo gbà pé ìṣòro owó wà. Mi ò gbà pé tókìn tí iye rẹ̀ ń lọ sókè sódò lójoojúmọ́ ni owó tí irú iṣẹ́ yẹn nílò.

Àwa Yorùbá kò fi ìgbà kan sọ pé kí owó má wọ àárín ẹgbẹ́. William Bascom kọ àpilẹ̀kọ kan nípa èsúsú wa ní 1952, òpìtàn Samuel Johnson sì ti mẹ́nu bà á ṣáájú rẹ̀. Ní Bissonnet àti Alief ní Houston títí di òní, àwọn ìyá wa ń dá àjọ, wọ́n ń fi í ra ọkọ̀, wọ́n ń fi í san owó ilé-ìwé. Nínú èsúsú, ìmọ̀ra-ẹni ló ṣáájú, owó wá tẹ̀ lé e. Olórí èsúsú mọ ilé rẹ, ó mọ ìyàwó rẹ, ó mọ ẹni tó mú ọ wá. Tókìn gba ọ̀nà òdìkejì: a ṣe é kí àwọn tí kò mọra lè ṣòwò láìfọkàn tán ara wọn. Fún káràkátà láàárín àjèjì méjì, ó lè dára gan-an. Ṣùgbọ́n àwọn tó fẹ́ jọ kàwé ni èmi ń sọ, àwọn tó fẹ́ ṣàtúnṣe ìwé kan kí ó lè hàn dáadáa lójú ẹ̀rọ.

Irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì pọ̀ nílẹ̀ fún wa. Lẹ́tà ẹ́ àti ọ̀ kò ní ààyè kan ṣoṣo tiwọn nínú Unicode. Lẹ́tà olójú-àmì nísàlẹ̀ ni a ń so àmì ohùn mọ́ lórí. Bí ẹni tó ṣe ìrísí lẹ́tà inú ẹ̀rọ ìkàwé kò bá ronú kàn wá, àmì yóò já sẹ́gbẹ̀ẹ́, tàbí kó gun orí lẹ́tà kejì, tàbí kó di àpótí òfìfo. Mo ti ka ìtàn Yorùbá kan lórí bébà ẹlẹ́rọ rí tí n kò mọ̀ bóyá ọkọ̀ ni wọ́n ń sọ tàbí ọkọ́ títí gbólóhùn náà fi parí. Ẹni tó bá jókòó tún èyí ṣe, tó dán an wò lórí ẹ̀rọ mẹ́ta mẹ́rin, tó sì pín in fún gbogbo ayé, ti ṣe ju ẹni tó ra ẹgbẹ̀rún tókìn lọ. Nígbà tí Kọ́lá Túbọ̀sún fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìwé atúmọ̀ orúkọ Yorùbá orí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015, àwọn ènìyàn dá owó fún un ní gbangba, láìretí kí owó náà bí ọmọ. Dixon kò sọ̀rọ̀ tó nípa irú ìfowósowọ́pọ̀ yìí. Mo rò pé àṣìṣe gidi ni nínú ìwé tó dá lórí àwùjọ.

Orí tó fi ya tẹ́tẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára iṣẹ́ ló kàn. Ó ní àwọn kan fẹ́ lo blockchain bíi kọ̀ǹpútà tuntun, àwọn kan sọ ọ́ di ilé tẹ́tẹ́, kò sì yẹ kí a tìtorí èkejì pa èkíní. Òdodo ọ̀rọ̀ ni, ó sì kọ ọ́ tọkàntọkàn. Ó tún dábàá kí òfin mú kí àwọn tó bá ní tókìn dì í mú fún ìgbà pípẹ́ kí wọ́n tó lè tà á, àbá tí mo rò pé ó dára jù tó mú wá. Ṣùgbọ́n ọjà kan náà ni wọ́n ti ń ta tókìn oníṣẹ́ àti tókìn onítẹ́tẹ́, ìtàkùn ìpolówó kan náà ló sì ń gbé àwọn méjèèjì dé etí tálákà. Ní April 2025 tí CBEX, ìkànnì ìdókòwò kírípítò kan ní Nàìjíríà, wó, àwọn tí owó wọn há ya wọ ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn, wọ́n kó àga, wọ́n kó tábìlì. Dixon yóò sọ pé jìbìtì lásán ni CBEX, kò sì ní jayò pa. Àmọ́ àwọn tó kówó síbẹ̀ gbọ́ irú ọ̀rọ̀ tó wà nínú ìwé rẹ̀: ẹ tètè dé, ẹ mú ẹlòmíràn wá, ẹ ó jèrè. Kò fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ ní ọ̀nà kankan tí wọ́n lè fi dá kọ̀ǹpútà mọ̀ yàtọ̀ sí tẹ́tẹ́ kí owó wọn tó lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n pọ̀ nínú ẹbí gbogbo wa, ní Ìbàdàn àti ní Houston níbí.

Bí ọ̀dọ́ kan bá bèèrè lọ́wọ́ mi, n ó ní kó ka apá kìíní àti orí tó sọ nípa owó tí ilé-iṣẹ́ ń bù nínú iṣẹ́ ẹlòmíràn, kó kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Èdè Dixon mọ́lẹ̀, kì í fi ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ dẹ́rù ba òǹkàwé, ó sì mọ ìtàn íntánẹ́ẹ̀tì débi pé ẹni tí kò gba àbá rẹ̀ gbọ́ yóò ṣì kọ́ nǹkan. Apá tó kẹ́yìn, níbi tó ti ka àwọn ohun tí tókìn lè ṣe lọ́jọ́ iwájú sílẹ̀, fúyẹ́ jù. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ jẹ́ ohun tí a ti lè ṣe láìsí tókìn.

Orí kan wà tí mo wá tí n kò rí. Ilé-ìkàwé gbogbogbòò Houston ń yá wa ní ìwé ẹlẹ́rọ, ṣùgbọ́n àdéhùn tí àwọn atẹ̀wétà ń gbé fún àwọn ilé-ìkàwé sábà máa ń ní iye ọdún tàbí iye ìyáni, bó bá pé, kí wọ́n tún un rà. Àkọsílẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò lè dá yí padà, tó ń fi hàn pé ilé-ìkàwé ni ẹ̀dà kan, pé ọwọ́ ẹnì kan ló wà báyìí, pé yóò padà wá, lè jẹ́ kí ilé-ìkàwé ra ìwé ẹlẹ́rọ lẹ́ẹ̀kan kó sì máa yá ni títí láé, bó ṣe ń ṣe pẹ̀lú ìwé bébà. Kò ní nílò kí iye tókìn náà lọ sókè, kò sì ní sí ẹni tí yóò là nínú rẹ̀. Ìmọ̀ tí Dixon ní tó láti kọ orí náà, ìwé rẹ̀ kò sì ní i.